Ẹ̀rọ ìdákọ̀ró yí dáadáa lórí tábìlì ní Gate, ó dé inú ọkọ̀ tán, ó kọ̀

Ìbéèrè kan dé láti Ìbàdàn: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Oníṣẹ́ rewire ni mí, ní Gate, lẹ́bàá ọjà Aráròmí. Kíkísítátà àti alternator ni mo mọ̀ jù. Oníbàárà mi kan gbé windlass tó ń fa ìdákọ̀ró inú ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ wá láti Èkó, fólítì 12, wáàtì 1,000. Ọkọ̀ fáíbà ni, ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 32. Ó ní ẹ̀rọ náà ń fà tìkọ̀tìkọ̀. Mo pààrọ̀ kábọ̀n, mo gbé commutator, bàbà róbótó tí kábọ̀n ń tẹ̀ mọ́, lọ sórí léèdì tí wọ́n fi ń fá irin, mo pààrọ̀ bíárìn, mo fi bátìrì ọkọ̀ dán an wò, ó yí bí ìjì, síwá sẹ́yìn. Wọ́n gbé e padà. Ní báyìí, bí wọ́n bá tẹ súwíìṣì, ‘kà’ ló ń ṣe. Nígbà mìíràn á yí díẹ̀, á dúró, bíréékà á sì já. Wọ́n ní èmi ni mo bà á jẹ́. Bíréékà 80 ló wà níbẹ̀, ẹnì kan ní kí wọ́n fi 200 rọ́pò rẹ̀. Ẹlòmíràn ní àfi kí n tún wáyà armature, ìyẹn ọ̀pá tó ń yí nínú mọ́tò, wé. Èwo ni kí n ṣe?”

Ọ̀gá, ẹ kú làálàá. Ká tó lọ jìnnà, ẹ má wé armature kankan, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni de bíréékà 200 mọ́ inú ọkọ̀ yẹn. Ohun tó ń dùn yín yé mi. Ẹ̀rọ kúrò lọ́wọ́ yín, ara rẹ̀ le. Ó dé ọ̀dọ̀ wọn, ó dákú. Ó wá dà bíi pé ẹnì kan ń purọ́ nínú ẹ̀yin méjèèjì. Kò sẹ́ni tó ń purọ́. Lórí tábìlì yín, bátìrì àti mọ́tò náà kò jìnnà síra, jọmpà tó nípọn lẹ fi so wọ́n pọ̀, ẹ ò sì gbé ẹrù kankan lé e. Nínú ọkọ̀, bátìrì wà lẹ́yìn nídìí ẹ́ńjìnnì, windlass wà ní ṣóńṣó iwájú, ìdákọ̀ró sì ti rì sínú ẹrẹ̀ ọ̀sà. Ọ̀nà tí iná ń gbà láàárín wọn ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Àmọ́ ìdí kan wà tí mi ò fi ní dá yín láre pátápátá, a ó dé ibẹ̀.

Mọ́tò tí kò gbẹ́rù kì í gba ju ámpù díẹ̀ lọ. Bí ó bá ń yí lófìfo, ohun tó fi hàn kò ju pé iná wọlé, iná jáde, bíárìn kò sì gan. Kò sọ nǹkan kan nípa ohun tí yóò ṣe nígbà tí ẹrù bá dé. Kíkísítátà Micra náà máa ń yí lórí tábìlì kẹ́ ẹ tó dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì tó sì kọ̀ jálẹ̀, ẹ mọ ìyẹn jù mí lọ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé kíkísítátà kì í ṣiṣẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ, bátìrì rẹ̀ sì wà nítòsí. Windlass lè fa ṣéènì fún ìṣẹ́jú méjì mẹ́ta láìdúró, kébù rẹ̀ sì gùn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Wáàtì 1,000 lórí fólítì 12 jẹ́ ámpù 83. Bí ẹrẹ̀ bá di ìdákọ̀ró mú, ó máa kọjá 100. Ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 32 kò tó mítà 10, ṣùgbọ́n kébù kì í gba àárín tààrà, ẹ̀gbẹ́ ló ń rọ́ gbà. Ẹ fi sí mítà 11 ní àlọ, mítà 11 ní àbọ̀, 22 lápapọ̀. Àbọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọkọ̀ ilẹ̀ kì í kà, torí pé bọ́dì ọkọ̀ ló ń gbé nẹ́gétíìfù padà fún wọn. Fáíbà kì í gbé iná. Nẹ́gétíìfù gbọ́dọ̀ ní kébù tirẹ̀, tó nípọn bíi ti pọ́sítíìfù gẹ́lẹ́. Bí kébù náà bá jẹ́ 16 mm², tí ámpù 100 sì ń gba inú rẹ̀ kọjá, fólítì 2.4 ni yóò sọnù sójú ọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ 35 mm², 1.1 ni, bí ó bá jẹ́ 50 mm², nǹkan bí 0.8, 70 mm², nǹkan bí 0.55. Bátìrì tó yó dáadáa ní 12.6 lè wálẹ̀ sí nǹkan bí 11.8 fúnra rẹ̀ bí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ bá dé bá a. Ẹ yọ 2.4 kúrò nínú ìyẹn, ó ku 9.4, a ò sì tíì ka èyí tí lọ́ọ̀gì ẹnu kébù, bíréékà àti sólénọ́ìdì, ìyẹn súwíìṣì ńlá tó ń ta iná sí mọ́tò, máa mú. Mọ́tò fólítì 12 tó ń rí 8.5 jẹ, níbo ló ti fẹ́ rí agbára tu ìdákọ̀ró nínú ẹrẹ̀?

Ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ bíréékà ti ṣẹ̀. Mọ́tò tó ń yí dáadáa máa ń ta ko iná tó ń wọ inú rẹ̀. Bó ṣe ń falẹ̀ sí i ni ìtakò yẹn ń dín kù, tí ámpù sì ń pọ̀ sí i. Nítorí náà, fólítì tó kéré ló ń mú kí mọ́tò tètè dúró sábẹ́ ẹrù, ámpù tó ń wọ̀ ọ́ bó ṣe dúró yẹn ló sì ń já bíréékà. Ẹni tó ní kí wọ́n fi 200 sí i ń nà ọlọ́dẹ tó pariwo olè. Kébù ni bíréékà ń ṣọ́ jù. Bí ámpù 200 bá ń gba kébù tínrín kọjá lẹ́yìn pákó àti fóòmù, iná ni yóò sọ, orí omi sì làwọn èrò inú ọkọ̀ máa wà nígbà náà. Ẹ lo nọ́ńbà tó wà nínú ìwé ẹ̀rọ náà, tí kébù tó wà nílẹ̀ bá lè gbé e. Bí kò bá lè gbé e, kébù ni kẹ́ ẹ pààrọ̀. Bíréékà tó ń fi ooru ṣiṣẹ́ tiẹ̀ lè já láìjẹ́ pé ámpù pọ̀: bí nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn rẹ̀ bá dẹ̀, ooru ojú nọ́ọ̀tì yẹn tó láti já a. Lẹ́yìn tí wọ́n bá lò ó tán, kí wọ́n pa iná, kí wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ó bá gbóná janjan, ẹ ti rí ọ̀kan nínú ohun tí ẹ ń wá.

Ohun kan tún wà tó ń tan àwọn tó mọṣẹ́ pàápàá jẹ. Wọ́n á ní, “A ti wọ̀n ọ́n níwájú ọkọ̀, 12.6 ló wà níbẹ̀, kébù ò ní nǹkan ṣe.” Mítà kì í gba iná tó nǹkan. Bí ó bá jẹ́ okùn bàbà kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù nínú kébù, 12.6 náà ni yóò kà. Àfìgbà tí ẹnì kan bá tẹ súwíìṣì mọ́lẹ̀, tí iná ń wọ́ lọ lóòótọ́, ni kíkà rẹ̀ tó wúlò. Bákan náà ni “kà” tí wọ́n ń gbọ́. Kóìlì kékeré inú sólénọ́ìdì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú bàbà ńlá tó yẹ kó pàdé nínú rẹ̀ lè ti jó, kó máà gbé nǹkan kan kọjá. “Kà” ò sọ ju pé súwíìṣì ẹsẹ̀, fíúùsì kékeré àti wáyà wọn ṣì ń ṣiṣẹ́. Ká ní wọn ò gbọ́ “kà” rárá ni, ibẹ̀ gan-an ni ǹ bá ní kẹ́ ẹ wò, pàápàá súwíìṣì tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀: rọ́bà orí rẹ̀ máa ń ya, omi á wọlé.

Bó bá ṣeé ṣe, ẹ lọ sí Èkó fúnra yín. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí ẹnì kan lọ́hùn-ún máa ka mítà fún yín lórí fóònù. Ẹni méjì ló ń ṣe é: ọ̀kan ń tẹ súwíìṣì, èkejì di mítà mú. Ẹ jẹ́ kí ìdákọ̀ró wà nínú omi kí ẹrù lè wà, kí ọwọ́ àti aṣọ gbogbo èèyàn sì jìnnà sí ṣéènì. Bí mọ́tò kò bá yí rárá, ìṣẹ́jú àáyá méjì péré ni kí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n fún un ní ìsinmi ìṣẹ́jú mélòó kan kí wọ́n tó tún tẹ̀ ẹ́, torí mọ́tò tó dúró tí iná ń wọ̀ ń jó nínú ni. Kíkà àkọ́kọ́, ẹ fi ẹnu mítà méjèèjì lé orí òjé bátìrì gan-an, ẹ má gbé e lé orí kílámbù. Bí ó bá wálẹ̀ kọjá 10.5, bátìrì ló kọ́kọ́ yẹ kẹ́ ẹ bá jà: ẹ ṣáàjì rẹ̀ kó kún, kẹ́ ẹ tún un wọ̀n. Kíkà kejì, lórí tẹ́míná méjèèjì ti mọ́tò. Ẹ yọ ti mọ́tò kúrò nínú ti bátìrì, èyí tó kù ni ohun tí ọ̀nà jẹ. Bí mọ́tò bá ń yí, kódà kó máa falẹ̀, ohun tí ọ̀nà jẹ kò yẹ kó ju 1.2 lọ, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá fólítì 12. Bí mọ́tò bá dúró gbagidi, ámpù ti kọjá 100 lọ jìnnà, nítorí náà ẹ má fi 1.2 dá kébù lẹ́jọ́ nígbà yẹn.

Bí ohun tí ọ̀nà jẹ bá ti pọ̀ jù, ẹ gé ọ̀nà náà sí wẹ́wẹ́. Ẹnu mítà kan lórí òjé pọ́sítíìfù, èkejì lórí nọ́ọ̀tì tó wọ bíréékà. Lẹ́yìn náà, ẹnu kan bíréékà sí ẹnu rẹ̀ kejì. Láti bíréékà sí sólénọ́ìdì. Láti nọ́ọ̀tì ńlá tó wọ sólénọ́ìdì sí èyí tó jáde. Láti ibẹ̀ sí mọ́tò. Kẹ́ ẹ wá ṣe ti nẹ́gétíìfù láti mọ́tò padà dé bátìrì, torí àwọn èèyàn kì í sábà yẹ ìyẹn wò, ó sì máa ń jẹ tó ti pọ́sítíìfù, nígbà mìíràn jù ú lọ. Ojú ìsopọ̀ kan ṣoṣo kò yẹ kó jẹ ju 0.1 lọ, inú sólénọ́ìdì kò yẹ kó ju 0.3 lọ. Ibi tí ẹ bá ti rí 1 lójú kan, ẹ ti mú olè. Bí ó bá jẹ́ 12 gbáko lẹ rí láàárín nọ́ọ̀tì ńlá sólénọ́ìdì lẹ́yìn tó ti ṣe “kà”, ojú bàbà inú rẹ̀ kò pàdé rárá nìyẹn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ rí i dájú pé irú èyí tó bá mọ́tò mu lẹ rà: mọ́tò ẹlẹ́nu méjì ń fẹ́ sólénọ́ìdì tó ń yí pọ́sítíìfù àti nẹ́gétíìfù padà, ti ẹlẹ́nu mẹ́ta kò rí bẹ́ẹ̀.

Fólítì 1 tó sọnù lójú lọ́ọ̀gì kan nígbà tí ámpù 100 ń kọjá jẹ́ wáàtì 100, ooru gílóòbù àtijọ́ ńlá kan, lórí irin tí kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ máa rí i pé rọ́bà kébù ti le, ó ti sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ní bí ìka méjì sí lọ́ọ̀gì. Ẹ bó o. Okùn bàbà inú rẹ̀ kò ní pọ́n mọ́. Á ti dúdú, nǹkan aláwọ̀ ewé bí ìyẹ̀fun á bo àárín wọn, wọ́n á sì máa rún bí ẹ bá fi èékánná họ wọ́n. Ọ̀sà Èkó máa ń níyọ̀ gan-an lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn tí omi òkun bá ń wọ inú rẹ̀, omi iyọ̀ náà sì ń fà gba àárín okùn kébù lọ sínú. Ẹ má kàn fi sáńpépà ha lọ́ọ̀gì yẹn kẹ́ ẹ sì dè é padà. Ẹ gé kébù náà sẹ́yìn títí ẹ ó fi dé ibi tí bàbà ti ń dán, kẹ́ ẹ fi lọ́ọ̀gì tuntun sí i. Ẹ̀rọ háídírọ́líìkì ni kẹ́ ẹ fi tẹ̀ ẹ́ pọ̀, kì í ṣe òòlù. Lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń yọ́ sí i nìkan ò tó: bí ọkọ̀ bá ṣe ń gbọ̀n, ibi tí lẹ́ẹ̀dì parí sí ni okùn ti ń ṣẹ́. Kẹ́ ẹ wá fi rọ́bà ìsúnkì tó ní gọ́ọ̀mù nínú bò ó, gọ́ọ̀mù yẹn ló ń dá omi dúró.

Bó bá di pé wọ́n máa ra kébù, ẹ bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀pọ̀ èyí tó wà lọ́jà ní owó pọ́ọ́kú, alumíníọ́mù ni inú rẹ̀, bàbà fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bò ó. Ẹ fi ọ̀bẹ họ okùn kan: bàbà tòótọ́ pọ́n wọnú, èyí yóò funfun. Agbára tó ní láti gbé iná jẹ́ nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ti bàbà, omi iyọ̀ sì ń jẹ ẹ́ kíá. Kébù ọkọ̀ ojú omi gidi náà ń funfun lóde, torí tíìnì tí wọ́n fi bo bàbà rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá họ ọ́, pupa ni inú rẹ̀. Ẹ má wo bí rọ́bà ṣe tóbi tó, ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀.

Wàyí o, ìdí tí mi ò fi dá yín láre pátápátá. Ẹ ní ẹ pààrọ̀ kábọ̀n. Kábọ̀n wo? Mọ́tò fólítì kékeré tó ń gba ámpù púpọ̀ ń lo kábọ̀n tí wọ́n po bàbà mọ́. Ẹ máa rí i pé ó pọ́n díẹ̀, ó wúwo, bíi ti kíkísítátà. Bí ó bá jẹ́ kábọ̀n dúdú lásán, irú ti ẹ̀rọ ìlọgi tàbí jẹnẹrétọ̀, lẹ gé tó ìwọ̀n sínú rẹ̀, mọ́tò náà á yí bí ìjì lófìfo, torí ámpù kò pọ̀. Bí ẹrù bá dé, kábọ̀n yẹn fúnra rẹ̀ á máa jẹ fólítì bíi kan lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ sì mọ̀ pé méjì ni iná gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Ẹ tún rántí léèdì. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fá commutator, máíkà tó wà láàárín bàbà rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ ju bàbà lọ ní nǹkan bí 0.5 sí 0.8 mm, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kábọ̀n á máa fò lórí rẹ̀. Kábọ̀n tuntun sì gbọ́dọ̀ jókòó: ẹ fi sáńpépà kíkúnná yí commutator ká, kẹ́ ẹ máa yí i lábẹ́ kábọ̀n títí ojú rẹ̀ á fi tẹ̀ bíi tirẹ̀. Ẹ má lo émẹ̀rì, iyẹ̀ rẹ̀ ń gbé iná. Ìkẹyìn, ẹ fi mítà wo àárín tẹ́míná mọ́tò àti ara irin rẹ̀. Nínú kíkísítátà, nẹ́gétíìfù ń gba ara jáde, kò burú. Nínú windlass, kò yẹ kó kan ara rárá, torí iná tó bá ń jò sára irin nínú omi iyọ̀ á máa jẹ irin náà lọ́sàn-án lóru. Bí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún wọn, ti yín nìyẹn.

Ti irin kò pọ̀ lọ́rọ̀. Bí mọ́tò bá ń yí tí kẹ̀kẹ́ ṣéènì ò yí, ẹ wo kílọ́ọ̀ṣì bóyá ó dẹ̀, tàbí kíì inú rẹ̀ ti ṣẹ́. Bí ṣéènì bá ń fò lórí kẹ̀kẹ́, ó lè jẹ́ pé kò bá kẹ̀kẹ́ mu: ṣéènì 10 mm tó ní ìwọ̀n DIN 766 àti èyí tó ní ìwọ̀n ISO kò dọ́gba, ojú ti àkọ́kọ́ gùn ní 28 mm, ti èkejì 30 mm. Bí ọ́ìlì gíà bá funfun bíi wàrà, omi ti wọ̀ ọ́. Ṣéènì tó ga jọ bí òkìtì sábẹ́ windlass náà lè gan án pa.

Ní ti owó, èyí tó kéré jù ni kí wọ́n kọ́kọ́ ná: lọ́ọ̀gì tuntun, nọ́ọ̀tì tó mọ́ tó sì le, sólénọ́ìdì bó bá yẹ. Kẹ́ ẹ tún un wọ̀n. Bí ọ̀nà bá ṣì ń jẹ ju 1.2 lọ, kébù 50 mm² ní àlọ àti àbọ̀, tàbí 70 bí agbára wọn bá gbé e. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n òun ni mo fara mọ́ fún ọkọ̀ yìí. Àwọn kan máa ń dá bátìrì gbé síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ windlass kí kébù lè kúrú. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ bátìrì yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ irú tí wọ́n dí pa, kí wọ́n dè é mọ́lẹ̀ gírígírí, kí wáyà tó ń ṣáàjì rẹ̀ ní fíúùsì ní ìpẹ̀kun méjèèjì, ó sì ń mú iwájú ọkọ̀ wúwo. Yíyí sí fólítì 24 á dín ámpù kù sí ìdajì, ṣùgbọ́n mọ́tò, sólénọ́ìdì àti bátìrì ni wọ́n máa rà tuntun, mi ò rí ìdí rẹ̀ níbí. Èyí tí kò gba kọ́bọ̀ ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lò ó. Kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń fa ìdákọ̀ró, kí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì rọra wa ọkọ̀ lọ síbi tí ìdákọ̀ró wà, kí windlass máa kó ṣéènì tó dẹ̀ nìkan. Bí ìdákọ̀ró bá há sínú ẹrẹ̀, kí wọ́n so ṣéènì mọ́ òpó ọkọ̀, kí ẹ́ńjìnnì tu ú.

Bí gbogbo èyí bá parí, tí fólítì 11 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń dé orí tẹ́míná mọ́tò, tí kò sì yí, ìgbà yẹn ni kí wọ́n tó gbé e padà wá sí Gate. Kẹ́ ẹ tó tú u, ẹ fi mítà tí ń gbá kébù mú ka ámpù rẹ̀, kó jẹ́ irú tó ń ka DC, torí ọ̀pọ̀ èyí tó wà lọ́jà, AC nìkan ló ń kà. Bí ámpù bá kéré, kábọ̀n ni kò kàn dáadáa tàbí ó gan sínú ilé rẹ̀. Bí ó bá pọ̀ gan-an, ẹ tú u kúrò lára gíà, kẹ́ ẹ fọwọ́ yí gíà wò bóyá òun ló gan. Bí gíà bá yọ̀, ẹ ṣí mọ́tò, ẹ wò ó bóyá mágínẹ́ẹ̀tì kan ti ṣí kúrò lára ilé rẹ̀ tó dípẹtà, tó wá ń há armature. Bí ìyẹn náà bá dára, ẹ gbé armature lé growler, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ wáyà armature wò. Àfi bí growler bá sọ pé ó ti ṣọ́ọ̀tù lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lè dárúkọ wíwé, kódà nígbà náà, ẹ béèrè iye tí wọ́n ń ta mọ́tò tuntun ná, torí bàbà inú armature yìí nípọn, bí wọ́n bá sì fi wáyà tó tínrín ju tàtijọ́ wé e, kò ní lè fa ohun tó ń fà tẹ́lẹ̀.